Ẹ Bi Àǹtí: AI ti wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, báwo la ó ṣe bá a ṣiṣẹ́?

Nínú lẹ́tà oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù: AI tó ń bá ènìyàn kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé kọ̀wé, àwọn ọ̀gá kọ̀wé, màmá kan tó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kọ̀wé láti Ìkẹjà. Èmi náà, iṣẹ́ yìí ni mò ń jẹ. Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ìsanwó ni mò ń darí l'Ékòó, ojoojúmọ́ la sì ń lo AI. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò lára wọn.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mẹ́fà tó ń kọ kóòdù ni mò ń darí ní ilé-iṣẹ́ kan. Láti ìgbà tí gbogbo wọn ti ń lo AI, ohun tí wọ́n ń kó wá fún mi láti yẹ̀ wò ti di òkìtì. Ọmọ kan lè gbé ẹgbẹ̀rún méjì ìlà kóòdù wá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó ní òun fẹ́ kó wọlé láàárọ̀ Ọjọ́rú. Tí mo bá ní kó dúró, wọn a ní èmi ni mò ń fà wọ́n sẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe?* (Ọ̀gá kan, Yaba)

Ẹ kú wàhálà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ibi tí iṣẹ́ ti ń há ló ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, kíkọ ló ń gba àkókò, kíkà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ṣí Copilot, AI rẹ̀ tó ń bá wọn kọ kóòdù, fún gbogbo ayé ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìlà kan ìlà méjì ló sábà máa ń dábàá, ènìyàn á wò ó kó tó gbà á. Àwọn irinṣẹ́ tó gbòde ní 2025, irú Claude Code àti Cursor, kì í ṣe ìlà kan ni wọ́n ń kọ mọ́. Wọ́n á ṣí fáìlì tó pọ̀, wọ́n á tún wọn kọ, wọ́n á dán wọn wò, gbogbo ẹ̀ á ti parí kí ènìyàn tó mu tíì tán. Kíkọ ti yá, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń kà á, ojú àtijọ́ náà ni.

Ìwádìí DORA, tí Google ń gbé jáde lọ́dọọdún lórí bí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ṣe ń ṣiṣẹ́, sọ ọ́ ní 2024 pé níbi tí lílo AI bá ti fi ìdá 25 nínú 100 lọ sókè, ó jọ pé ìdúróṣinṣin ohun tí wọ́n ń gbé jáde máa ń fi ìdá 7.2 nínú 100 wálẹ̀. Ohun tí àwọn fúnra wọn fura sí ni ìwọ̀n iṣẹ́: AI mú kó rọrùn láti kọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyípadà tó bá tóbi ló sì máa ń da nǹkan rú. Ẹgbẹ̀rún méjì ìlà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ni wọ́n ń sọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Áàpù kan wà tí oníbàárà máa ń sanwó sínú wallet rẹ̀. Tí ènìyàn bá sanwó tán, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó á fi webhook, ìyẹn ìkéde, ránṣẹ́ sí sáfà wọn, kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù náà: owó báyìí ti wọlé, nọ́ńbà ìdúnàádúrà rẹ̀ nìyí. AI ni wọ́n ní kó kọ kóòdù tó ń gba webhook yẹn. Kóòdù náà dára lójú. Ó mọ́, àlàyé wà lára rẹ̀, gbogbo tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń dán kóòdù wò, tí AI kọ tì í ló yege. Ọmọ tó gbé e wá kà á lóòótọ́, kò rí àléébù kankan.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni kò rí. Àwọn tó ń fi webhook ránṣẹ́ kì í fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì gbàgbé. Tí sáfà ò bá tètè fi nọ́ńbà 200 dá wọn lóhùn pé ó ti gbà á, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ owó oṣù dé, èrò pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, ìdáhùn pẹ́. Webhook kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ìgbà tó bá sì wọlé ni kóòdù yẹn ń fi owó kún wallet. Ẹni tó san ₦5,000 rí ₦15,000 lójú fóònù rẹ̀. Àwọn kan ò bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbé e lọ sí báǹkì wọn.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: kí détábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ wà, má gba nọ́ńbà ìdúnàádúrà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èkejì tó bá dé, kó dá a padà. Àwọn tẹ́ẹ̀sì ò sì lè mú un, nítorí ẹni tó kọ kóòdù náà ló kọ tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tẹ́ẹ̀sì yẹn fi webhook ránṣẹ́. Ohun tí AI ò rò nígbà tó ń kọ èkíní, kò rò ó nígbà tó ń dán an wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nídìí iṣẹ́ ìsanwó nílùú yìí ì bá béèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Torí náà, tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò yín, mi ò ní gba ẹgbẹ̀rún méjì ìlà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ AI ló kọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Kó lọ pín in sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣeé kà láàárín ìjókòó kan. Tó bá gbé e wá, kó jókòó tì mí kó ṣàlàyé rẹ̀ láìwo ojú AI: tí èyí bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Tí sáfà bá kú láàárín ìdúnàádúrà ńkọ́? "AI ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn lọ́dọ̀ tèmi. Orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ ló wà lára rẹ̀, òun ló ni ín. Ibi tí owó bá sì ti ń kọjá, ènìyàn ni kó kọ tẹ́ẹ̀sì kí AI tó fọwọ́ kan kóòdù.

Ẹ má sì dá nìkan máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò ní ìpàṣípààrọ̀. Tí ẹni tó gbé ẹgbẹ̀rún méjì ìlà wá lánàá bá ní láti ka ẹgbẹ̀rún méjì ìlà ẹlòmíràn lónìí, fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú.

*Ẹ káàsán, Àǹtí. Mo parí Computer Science ní poly lọ́dún tó kọjá, mo sì tún ṣe 3MTT, ètò ìjọba tó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ tẹkinọ́lọ́jì. Gbogbo ibi tí mo bá wáṣẹ́ dé, ìrírí ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní AI ti gba iṣẹ́ wa, kí n yáa lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Ṣé òótọ́ ni?* (Ọmọbìnrin kan, Ìbàdàn)

Àbúrò mi, mi ò ní tàn ọ́. Ọ̀nà ti há. Ní oṣù kẹjọ 2025, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí jáde, àkọsílẹ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, iye àwọn ọmọ ọdún 22 sí 25 tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ti fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 wálẹ̀ sí bó ṣe wà ní ìparí 2022. Ti àwọn tó ti dàgbà sínú iṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kà á o, kì í ṣe Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́ láti òkèèrè, ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Síbẹ̀, AI kọ́ ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yẹn. Andela, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí ilé-iṣẹ́ òkèèrè lè gbà wọ́n, dá nǹkan bí 250 àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè nínú iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà àti Uganda ní oṣù kẹsàn-án 2019. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn oníbàárà wọn ò fẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti mọṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Copilot ò tíì dáyé nígbà yẹn. Ohun tí AI ṣe ni pé ó mú iṣẹ́ kéékèèké tí a fi ń kọ́ ọmọ lọ. Wò ó bí ṣọ́ọ̀bù télọ̀: ọmọ iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí bọ́tìnì rírán àti etí aṣọ ṣíṣẹ́, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ń mọ aṣọ kó tó gé ti oníbàárà. Tí ọ̀gá bá wá ra ẹ̀rọ tó ń rán bọ́tìnì tó sì ń ṣẹ́ etí aṣọ, kí ni ọmọ iṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ka abala yìí, ẹ̀yin ni mo ń bi. Àwọn tẹ́ ẹ ń pè ní àgbà iṣẹ́ lónìí, ẹnìkan ló fi sùúrù kọ́ wọn nígbà tí wọn ò mọ nǹkan kan.

Padà sọ́dọ̀ rẹ, àbúrò mi. Má lọ kọ́ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n yí bí o ṣe ń kọ́ èyí padà. Tí mo bá ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò nísinsìnyí, mi ò ní kó kọ kóòdù sí ara pátákó fún mi mọ́. Kóòdù tí AI kọ ni mo ń fún un, tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀, màá ní kó kà á fún mi kó sì sọ ohun tí kò bá fẹ́ràn níbẹ̀. Ẹni tó bá ní "mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí màá kọ́kọ́ wò rèé" wù mí ju ẹni tó ń dáhùn kíákíá lọ. Nítorí náà, kọ́ kíkà. Lọ sórí GitHub, mú iṣẹ́ kan tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ka àwọn ìyípadà tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n kọ̀, ka ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Mọ SQL, èdè tí a fi ń bá détábéèsì sọ̀rọ̀, dáadáa. Mọ bí a ṣe ń ka log, àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe, nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, kọ nǹkan kékeré kan tí ènìyàn gidi á lò. Bí ìyá rẹ tàbí àǹtí rẹ bá ń tajà ní Gbági, kọ èyí tí wọ́n á fi máa ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè oníbàárà. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ ná, kó dójú ibi tó ti sú ọ, kó o tó ní kí AI bá ọ wò ó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá lò ó, wọ́n á sọ ohun tí ìwé ò lè sọ fún ọ: pé ẹnì kan lè san gbèsè díẹ̀díẹ̀, pé ẹni méjì lè jẹ́ Ìyá Bísí, pé iná lọ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Nǹkan wọ̀nyẹn ni kó o kó wá sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bá fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò.

Má sì fi owó oúnjẹ ra AI. Dọ́là 20 lóṣù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Tí dọ́là bá wà ní ₦1,500, ₦30,000 nìyẹn, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ₦70,000. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó láti fi kọ́ṣẹ́.

*Ọmọ mi, mo ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan, developer (ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà) márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin kan tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní tí mo bá ti ra AI, ẹni méjì ti tó mi. Owó oṣù wọn sì ń wọ̀ mí lọ́rùn lóòótọ́. Ṣé kí n ní kí mẹ́ta máa lọ?* (Màmá kan, Ìkẹjà)

Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe é.

Ẹ bi ọkùnrin yẹn pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n fi wọn ìyára tó ń sọ. Ìwádìí kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí, àwọn tó ṣe Copilot wà lára àwọn tó ṣe é: wọ́n ní kí developer 95 kọ sáfà kékeré kan pẹ̀lú JavaScript, àwọn tó lo Copilot sì fi ìdá 55.8 nínú 100 yára ju àwọn yòókù lọ. Mo gba ìyẹn gbọ́. Iṣẹ́ tuntun ni, ó kéré, kò sí ẹni tó ń lò ó, kò sì sí owó ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Àjọ METR l'Amẹ́ríkà wá gbé tiwọn jáde ní oṣù keje 2025. Àwọn wọ̀nyí mú developer 16 tó ti mọṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú kóòdù ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́. Iṣẹ́ 246 ni gbogbo rẹ̀, wọ́n gbà kí wọ́n lo AI nínú àwọn kan, wọn ò gbà á nínú àwọn mìíràn. Ibi tí wọ́n ti lo AI, ìdá 19 nínú 100 ni àkókò fi gùn sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n parí, àwọn fúnra wọn gbà pé AI mú àwọn yá ní ìdá 20 nínú 100. Ẹni mẹ́rìndínlógún ò pọ̀, àwọn irinṣẹ́ yẹn sì ti dára sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé a ò lè fi bó ṣe ń ṣe òṣìṣẹ́ lára, tàbí bó ṣe ń ṣe ẹni tó wá tajà, mọ bóyá iṣẹ́ ń yá.

Kóòdù yín, mà, èwo ló jọ nínú méjèèjì? Èyí tí oníbàárà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, tí ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí wà lórí àwọn ọmọ márùn-ún yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mẹ́ta bá lọ, wọ́n á gbé ìyẹn lọ. AI ò sì mọ ìdí tí ẹ fi fún oníbàárà kan láyè láti sanwó lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ tún rò ti ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Ní oṣù keje 2025 kan náà, AI tó wà nínú Replit, irinṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ áàpù, pa détábéèsì iṣẹ́ oníbàárà kan rẹ́, lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti sọ fún un léraléra pé kó má yí nǹkan kan padà. Amjad Masad, ọ̀gá àgbà Replit, jáde wá tọrọ àforíjì ní gbangba, wọ́n sì ya détábéèsì tí AI lè fọwọ́ kàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti iṣẹ́ gidi. Ní ilé-iṣẹ́ tí ẹni méjì péré ṣẹ́kù sí, tí ọ̀kan wà ní ìsinmi, tí èkejì sì ń sùn, ta ló máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ẹ ra AI náà fún àwọn márààrún. Fún oṣù mẹ́ta, ẹ máa kọ ọjọ́ tí oníbàárà béèrè nǹkan sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò sì tún bàjẹ́ mọ́. Ẹ má ka iye ìlà kóòdù. Tí ohun tí oníbàárà ń rí gbà bá pọ̀ sí i, owó oṣù yẹn á fúyẹ́ lọ́rùn yín láìlé ẹnikẹ́ni.

*Àǹtí, ṣé mo lè da àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà wa sínú ChatGPT kó bá mi wá ibi tí àṣìṣe wà?* (Developer kan, Ọ̀ṣogbo)

Rárá. BVN ẹni ẹlẹ́ni, NIN, nọ́ńbà fóònù, má fi wọ́n síbẹ̀. Òfin ààbò détà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ìwọ àti ilé-iṣẹ́ rẹ ló máa dáhùn fún un. Ṣe détà irọ́ tó ní ìrísí kan náà, fi ìyẹn béèrè.

*Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, èmi ni mo máa ń dán áàpù wò kó tó jáde. Ọ̀gá wa ní láti oṣù tó ń bọ̀, AI ni yóò máa kọ gbogbo tẹ́ẹ̀sì. Ṣé iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn?* (Ọkùnrin kan, Abẹ́òkúta)

Iṣẹ́ rẹ ò tán, àbúrò mi, ó kàn máa le sí i ni. Gba AI láyè kó kọ àwọn tẹ́ẹ̀sì tó ń sú ènìyàn, wọ́n pọ̀, ó sì mọ̀ wọ́n kọ. Ìwọ wá máa béèrè ohun tí kò ní béèrè.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù, orúkọ wa ni. Tí o bá ní kí AI kọ fọ́ọ̀mù tí ènìyàn á fi orúkọ sí, tí o ò sì ṣàlàyé síwájú sí i, ó lè fún ọ ní èyí tó ń gba A títí dé Z nìkan. Tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ á yege, nítorí John àti Mary ló fi dán an wò. Oníbàárà rẹ á wá tẹ Adébọ́lá pẹ̀lú àmì, fọ́ọ̀mù á ní orúkọ rẹ̀ kò bójú mu. Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́! Inú máa ń bí mi sí èyí ju àṣìṣe owó lọ.

Ìyẹn ṣì rọrùn láti rí. Èyí tó fara pamọ́ rèé. Ojú ènìyàn á ka lẹ́tà méje nínú Adébọ́lá. Kọ̀ǹpútà lè ka mẹ́jọ, nítorí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ́" nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà: "ọ" dá dúró, àmì òkè náà dá dúró. Ó sì tún lè ka mọ́kànlá, tí bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá ya gbogbo àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú détábéèsì, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Oníbàárà fi fóònù forúkọ sílẹ̀, ó wá sí ọ́fíìsì yín, akọ̀wé fi kọ̀ǹpútà wá a, kò rí i. Wọ́n á ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ẹni méjì lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí wọ́n sọ gbogbo orúkọ di ìrísí kan tí wọ́n ń pè ní NFC, kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ àti kí wọ́n tó wá a. AI mọ NFC dáadáa, á sì kọ ọ́ fún ọ lójú ẹsẹ̀ tí o bá ti béèrè. Ìwọ lo máa béèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kọ ìwọ̀nyí sínú tẹ́ẹ̀sì yín: Adébọ́lá tí a tẹ̀ lórí fóònù àti Adébọ́lá tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Ọláòṣebìkan, kó o wò ó bóyá àyè gbà á, orúkọ tó ní àmì ìsopọ̀ láàárín, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, àti Ṣọlá, kó o wá a pẹ̀lú "Sola" lásán láti rí i bóyá ó máa jáde. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, kó o sì so tẹ́ẹ̀sì AI tó jẹ́ kó kọjá mọ́ ọn.